ÀLÀYÉ LÓRÍ DÍDÍWỌ̀N AGBÁRA ÌRỌ́PÒ ÀWỌN LÍNBÁKÀ KÍ SÁÀ ÌDÍJE TÓ BẸ̀RẸ̀: ẸGBẸ́ FALCONS TI ÌLÚ ATLANTA NÍ ỌDÚN 2018

Ìfáárà

Iṣẹ́ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí àwọn olùdarí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kì í lè yẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, nígbà tí sáà ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀: bí ọ̀kan nínú àwọn línbákà bá fara pa, ta ni yóò dúró ní ipò rẹ̀, kí ni ẹgbẹ́ yóò sì pàdánù? Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti dáhùn ni kí ènìyàn ka orúkọ. Àwọn oníròyìn eré ìdárayá a máa sọ pé ẹgbẹ́ báyìí ní línbákà méje, èkejì ní márùn-ún, nítorí náà ọkàn àwọn tí ó ní méje balẹ̀. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé irú kíkà bẹ́ẹ̀ kò wúlò tó bí ó ti rí lójú. Iṣẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ń ṣe ni ó yẹ ní títú palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí olùwádìí tó béèrè ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn méje wà níbẹ̀, kí iṣẹ́ kan ṣoṣo má sì ní ẹni tí yóò ṣe é.

Ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ ni Falcons ti ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní sáà ọdún 2018. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní ni pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní ọdún náà hàn gbangba, ó sì yá kánkán: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni ó dán agbára ìrọ́pò wọn wò. Èkejì ni pé ọ̀kan nínú àwọn línbákà mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Foyesade Oluokun, ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú St. Louis ní ìpínlẹ̀ Missouri, tí ìran rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ náà ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀ tàbí ní Èmùré tí yóò béèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀. Oyè àti adé wà nínú èkíní, òkun sì wà nínú èkejì. Àwọn olùkéde orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ṣe wàhálà díẹ̀ kí wọ́n tó lè pè é.

Ipò línbákà nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Ní gúúsù Èkìtì, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tọmọdé tàgbà mọ̀, nítorí náà àlàyé díẹ̀ pọn dandan. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ènìyàn mọ́kànlá ni ó ń dojú kọ ènìyàn mọ́kànlá. Ìhà tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wọn ní àǹfààní ìgbà mẹ́rin láti gbé e síwájú, ó kéré tán, ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba ìgbà mẹ́rin mìíràn. Wọ́n lè gbé e sáré, wọ́n sì lè jù ú. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, eré a dúró, olúkúlùkù a sì tún ara rẹ̀ tò. Àwọn tí ń kọlù ní ọ̀gá kan lórí pápá, òun ni ajubọ́ọ̀lù; wọ́n tún ní asáré tí ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń gbé e la àárín kọjá. Ìhà ìdáàbòbò, ní tirẹ̀, pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn òmìrán tí ó tò sí iwájú gan-an, àwọn línbákà tí ó dúró ní ìwọ̀n yáàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn wọn, àti àwọn olùṣọ́ ẹ̀yìn tí ń ṣọ́ àwọn tí bọ́ọ̀lù jíjù lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Orúkọ tí àwọn Amẹ́ríkà fún ipò yìí, linebacker, kò ju ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìlà lọ. Ó sọ ibi tí ènìyàn náà dúró sí, kò sọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀pọ̀ ọdẹ ti ń jùmọ̀ dẹ ìgbẹ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò tètè lóye rẹ̀. Àwọn kan yóò wọ inú igbó lọ pẹ̀lú ajá àti ariwo láti lé ẹran jáde. Àwọn mìíràn yóò dúró sí etí igbó dè é. Iṣẹ́ àwọn tí ó dúró ni ó nira jù, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó dúró kò tíì rí ẹran. Gbígbọ́ ni ó ń gbọ́ ibi tí ajá ti ń gbó, wíwò ni ó ń wo ibi tí koríko ti ń mì. Bí ó bá sáré sí apá ọ̀tún kí ó tó yẹ, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹran yóò gbà kọjá. Bí ó bá sì dúró pẹ́ jù, ẹran ti lọ. Ẹni tí ó ń lé lè fi agbára nìkan ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń dúró dè gbọ́dọ̀ mọ ìgbẹ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni línbákà rí. Bí asáré bá la àárín àwọn òmìrán kọjá, òun ni yóò pàdé rẹ̀ tí yóò sì dá a wólẹ̀. Bí ajubọ́ọ̀lù bá gbé ọwọ́ sókè láti jù ú, línbákà kan náà gbọ́dọ̀ yí padà kí ó sì sá sẹ́yìn, kí ó lè bá ẹni tí ń sáré wá hán bọ́ọ̀lù ní agbègbè rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ó gbọ́dọ̀ pinnu èwo nínú méjèèjì ni ó ń bọ̀. Ẹni tí ó tóbi tó láti ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í sábà yára tó fún èkejì, ẹni tí ó sì yára tó fún èkejì ni àwọn òmìrán máa ń tì dànù bí ewé gbígbẹ.

Iṣẹ́ kẹta ni àwọn òǹwòran kì í rí, òun náà sì ni iye orúkọ kì í fi hàn. Láti ọdún 2008 ni àjọ NFL ti fàyè gba kí rédíò wà nínú akoto ẹnì kan lára àwọn tí ń dáàbò bò lórí pápá, àmì róbótó aláwọ̀ ewé sì máa ń wà lẹ́yìn akoto náà kí onídàájọ́ lè dá a mọ̀. Olùkọ́ni a máa bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Bí aago bá ku ìṣẹ́jú-àáyá 15, rédíò a pa. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó wọ akoto yìí nìkan ni yóò sọ fún àwọn mẹ́wàá yòókù bí wọn yóò ṣe tò, òun náà ni yóò sì yí i padà bí ìhà kejì bá yí tiwọn. Línbákà àárín ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jáde nítorí ẹsẹ̀ dídùn, ẹgbẹ́ pàdánù asáré kan, wọ́n sì pàdánù ẹnu kan pẹ̀lú. Ẹsẹ̀ lè rí arọ́pò láàárín wákàtí kan. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ó tún yẹ ní mímọ̀ pé bí ìwé bá tilẹ̀ kọ línbákà mẹ́ta sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tí yóò bẹ̀rẹ̀ eré, méjì ni ó sábà ń wà lórí pápá. Nítorí pé bọ́ọ̀lù jíjù ti gbilẹ̀ ní líìgì náà, àwọn olùkọ́ni a máa mú línbákà kẹta kúrò kí wọ́n lè fi olùṣọ́ ẹ̀yìn kan kún un. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni kẹta nínú ìwé lè má gbá ju ìdá kan nínú mẹ́ta eré lọ, nígbà tí àwọn méjì àkọ́kọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde rárá. Ẹni tí ó bá ka àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ọgbọọgba ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe.

Àfiwé kan láti inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀

Irú ìṣòro yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń wo ẹgbẹ́ Super Eagles. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2014, nínú ìdíje Ife Àgbáyé ní ilẹ̀ Brazil, Nàìjíríà pàdé Faransé. Ogenyi Onazi ni ó wà ní àárín pápá níwájú àwọn ẹ̀yìn, tí ó ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn ará Faransé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mikel Obi. Kò pẹ́ tí abala kejì bẹ̀rẹ̀ tí Blaise Matuidi fi tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó fara pa, Reuben Gabriel sì wọlé rọ́pò rẹ̀. Títí di ìgbà náà kò sí ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ní ìṣẹ́jú 79, Paul Pogba fi orí kan bọ́ọ̀lù sílé. Nígbà tí eré ń lọ sópin, Joseph Yobo ṣèèṣì gbá a sínú àwọ̀n ara rẹ̀. Kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi náà ru ẹni tí ó wọlé, nítorí láti orí bọ́ọ̀lù igun ni góòlù àkọ́kọ́ ti wá. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá wo eré náà yóò gbà pé àárín pápá yàtọ̀ lẹ́yìn tí Onazi jáde. Stephen Keshi ní ènìyàn 23 nínú ìwé rẹ̀. Iye kọ́ ni ó wọ́n ọn.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti ìgbà náà, ènìyàn mẹ́ta péré ni olùkọ́ni lè pààrọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, pípààrọ̀ kò ní òǹkà. Ènìyàn lè wọlé kí ó sì jáde ní ìgbà ogójì. Èyí ni ó mú kí àwọn kan rò pé ìrọ́pò kì í ṣe ìṣòro níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Nítorí pé ààyè wà láti fún ènìyàn mẹ́ta ní iṣẹ́ tí ó jẹ́ ti ẹnì kan, ó máa ń pẹ́ kí olùkọ́ni tó mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe.

Falcons ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018

Nígbà tí ẹgbẹ́ Falcons ń múra sílẹ̀ fún sáà náà, ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Ní oṣù Kejì ọdún 2017 wọ́n ti dé àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl, níbi tí wọ́n ti ṣíwájú Patriots pẹ̀lú àmì 28 sí 3 kí wọ́n tó pàdánù ní 34 sí 28. Ní sáà 2017 wọ́n borí ní ìgbà 10, wọ́n pàdánù ní ìgbà 6, Eagles ti ìlú Philadelphia ni ó sì dá wọn padà ní 15 sí 10. Dan Quinn ni olórí olùkọ́ni wọn, ẹni tí ìdáàbòbò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ràn línbákà tí ó yára ju èyí tí ó sanra lọ.

Deion Jones ni ó wà láàárín. Ẹgbẹ́ mú un ní ọdún 2016 láti yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana ní ìpele kejì yíyàn ọdọọdún, ìyẹn ètò tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ láti yunifásítì ní ìtẹ̀léra. Ní 2017 ó dá ènìyàn wólẹ̀ ní ìgbà 138. Ohun tí ó tún fi bí ó ti tó hàn ni eré tí wọ́n bá Saints ti ìlú New Orleans gbá ní oṣù Kejìlá ọdún náà: nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, Drew Brees ju bọ́ọ̀lù tí ìbá fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́gun, Jones sá sẹ́yìn, ó fò, ó sì já a gbà lójú ọ̀nà, Falcons sì borí ní 20 sí 17. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni De'Vondre Campbell wà, ẹni tí wọ́n mú ní ọdún kan náà ní ìpele kẹrin, tí ó ga tí apá rẹ̀ sì gùn. Ẹni kẹta ni Duke Riley, tí wọ́n mú ní 2017 ní ìpele kẹta, láti yunifásítì kan náà tí Jones ti wá. Kemal Ishmael tún wà níbẹ̀, ẹni tí ó máa ń pa iṣẹ́ olùṣọ́ ẹ̀yìn àti ti línbákà pọ̀. Oluokun ni ẹni tuntun. Yale ni ó ti wá, yunifásítì tí kì í fún ẹnikẹ́ni ní owó ẹ̀kọ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Ìpele kẹfà ni wọ́n ti yàn án, ènìyàn 199 ni wọ́n sì ti pè kí wọ́n tó pè é.

Bí ènìyàn bá ka orúkọ, ìwé yìí pé. Mẹ́rin nínú wọn ni ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yàn láàárín ọdún mẹ́ta, gbogbo wọn ni ó kéré lọ́jọ́ orí, gbogbo wọn ni ó sì yára. Ṣùgbọ́n bí olùwádìí bá tú iṣẹ́ Jones palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lókè, ihò kan yóò hàn. Campbell lè dá asáré wólẹ̀, ó sì ní ìrírí. Síbẹ̀ ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ó bá sì bọ́ sí ti Jones, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ bọ́ sí tirẹ̀. Riley yára, ṣùgbọ́n ọdún kan péré ni ó ti lò. Oluokun kò tíì gbá eré líìgì kankan. Lọ́rọ̀ kan, ẹni tí ó fara jọ Jones jù ní ìyára ni ó jìnnà sí i jù ní ìmọ̀, ẹni tí ó sún mọ́ ọn ní ìmọ̀ kò sì ṣeé yọ láìjẹ́ pé ògiri mìíràn là.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Falcons lọ bá Eagles ní Philadelphia, wọ́n sì pàdánù ní 18 sí 12. Nínú eré kan ṣoṣo yẹn ni ẹsẹ̀ Jones ti kán, Keanu Neal tí í ṣe olùṣọ́ ẹ̀yìn náà sì já iṣan orúnkún. Ìlànà ọdún náà ni pé ẹni tí wọ́n bá kọ sínú ìwé àwọn tí ó fara pa kò lè padà kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹni méjì péré ni ẹgbẹ́ kan sì lè dá padà láti inú ìwé náà. Jones kò sì padà sórí pápá títí di oṣù Kejìlá.

Wọ́n pín iṣẹ́ rẹ̀ láàárín Campbell, Riley àti Oluokun. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n borí Panthers ti Carolina ní 31 sí 24, ṣùgbọ́n Christian McCaffrey, asáré Panthers, hán bọ́ọ̀lù ní ìgbà 14 fún yáàdì 102. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Alvin Kamara ti Saints hán an ní ìgbà 15 fún yáàdì 124, Saints sì borí ní 43 sí 37 lẹ́yìn àfikún àkókò. Ricardo Allen, olùṣọ́ ẹ̀yìn mìíràn, tún fara pa níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Bengals borí wọn ní 37 sí 36. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Steelers lù wọ́n ní 41 sí 17. Ẹgbẹ́ tí ó kó àmì 36 àti 37 jọ tí ó sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejì kò lè sọ pé ìkọlù ni kò dára.

Ìgbà 29 ni asáré méjì hán bọ́ọ̀lù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, agbègbè tí wọ́n sì ti hán púpọ̀ nínú wọn ni agbègbè línbákà. Lójú ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀rí kíákíá, ọ̀rọ̀ ti parí: Jones kò sí, ihò náà ṣí. Kò yẹ kí ìwádìí dúró síbẹ̀. Nínú Super Bowl ọdún 2017 tí wọ́n mẹ́nu bà lókè, James White, asáré Patriots, hán bọ́ọ̀lù ní ìgbà 14 fún yáàdì 110 mọ́ Falcons kan náà lára, Jones sì wà lórí pápá. Ọ̀nà ìdáàbòbò tí Quinn ń lò ni pé kí àwọn olùṣọ́ ẹ̀yìn sá jìnnà kí bọ́ọ̀lù gígùn má ba à wọlé, kí wọ́n sì jẹ́ kí asáré hán ti kúkúrú, kí línbákà tó sáré dé láti dá a wólẹ̀ ní kíá. Ètò náà fi ààyè náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyára Jones ni ó máa ń dín ohun tí ààyè náà ń ná ẹgbẹ́ kù. Nígbà tí kò sí mọ́, iye owó ọjà náà hàn.

Èyí ni ó jẹ́ kí dídíwọ̀n agbára ìrọ́pò ṣòro ju kí ènìyàn fi agbábọ́ọ̀lù kan wé èkejì lọ. Arọ́pò lè má burú rárá, kí ó kàn jẹ́ pé ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò lè dúró láìsí ẹnì kan pàtó. Ìbéèrè tí ó yẹ kí Falcons ti bi ara wọn ní oṣù Kẹjọ ni bóyá ètò mìíràn wà tí Riley àti Oluokun lè ṣe láìfarapa tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé, kò sí àkókò láti kọ́ ènìyàn mọ́kànlá ní ètò tuntun. Falcons parí sáà náà pẹ̀lú ìṣẹ́gun 7 àti ìpàdánù 9, wọ́n sì yọ olùkọ́ni ìdáàbòbò, Marquand Manuel, níṣẹ́.

Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti eré ìmúrasílẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Wọ́n sábà ń lo òwe yìí bí ẹni pé ìrọ́pò dájú. Àgbẹ̀ tí ó ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Ọmọ púpọ̀ ni ó máa ń yọ ní ìdí ìyá kan. Èyí tí ewé rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì ń dán ni ó máa ń wu ojú, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í lágbára, èso rẹ̀ kì í sì í tó nǹkan. Èyí tí ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí idà ni ó ní iṣu ìdí tí ó dára, òun sì ni àgbẹ̀ ń fi sílẹ̀. Nígbà tí ìyá ṣì wà lóòró ni ó sì ti ń yàn án. Bí ó bá dúró di ìgbà tí ìjì wó ìyá, odidi sáà kan ti lọ.

Ìṣòro àwọn olùdarí ẹgbẹ́ ni pé eré ìmúrasílẹ̀ a máa gbé ewé fífẹ̀ ga. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ni ó wà ní 2018. Ó di mẹ́ta láti 2021, nígbà tí eré líìgì kúrò ní 16 tí ó di 17. Àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù kì í pẹ́ nínú eré wọ̀nyí kí wọ́n má ba à fara pa. Nítorí náà arọ́pò ń dojú kọ arọ́pò. Línbákà kan lè dá ènìyàn mẹ́wàá wólẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Kẹjọ, kí ó jẹ́ pé àwọn tí ó dá wólẹ̀ kò ní sí nínú líìgì mọ́ ní oṣù Kẹsàn-án. Ìhà ìkọlù náà kì í fi ètò wọn gidi hàn nígbà náà; ọgbọ́n ẹ̀tàn tí línbákà gbọ́dọ̀ lè kà kò sí níbẹ̀ láti kà.

Àwọn nǹkan tí ó ṣeé wò nígbà náà kì í hàn nínú ìwé iye. Ọ̀kan ni ẹni tí wọ́n fún ní akoto olórédíò nígbà tí àwọn àgbà bá jáde, àti bóyá àwọn mẹ́wàá yòókù ń yí padà sí i nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀ tàbí wọ́n ń wo ẹ̀gbẹ́ pápá. Òmíràn ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹni tí ó gbé ẹsẹ̀ síbi tí ó yẹ ṣùgbọ́n tí ó pẹ́ díẹ̀ sàn ju ẹni tí ó yára lọ síbi tí kò yẹ tí ó sì padà wá dá ènìyàn wólẹ̀ lẹ́yìn yáàdì mẹ́jọ. Ìwé iye yóò ka méjèèjì sí ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ikọ̀ tí ń sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá jìnnà. Ibẹ̀ ni línbákà tí kò tíì ní ipò ti ń jẹun. Bí ó bá sì di dandan kí ó máa gbá gbogbo eré, ẹlòmíràn tún gbọ́dọ̀ bọ́ síbẹ̀. Ìrọ́pò kan a máa ṣí ihò méjì.

Kì í ṣe ìṣirò lásán ni ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn tí ó kàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2018, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú 32 gbọ́dọ̀ dín ènìyàn 90 kù sí 53. Èyí já sí pé 37 ni ó kúrò ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 1,184 ní líìgì, tí díẹ̀ nínú wọn padà sí ẹgbẹ́ adánrawò. Línbákà kẹfà ni ó sábà máa ń wà ní ojú ààlà yìí, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dá lórí línbákà nìkan: bóyá ẹgbẹ́ fẹ́ tọ́jú òmìrán kan sí i tàbí olùṣọ́ ẹ̀yìn kan sí i ni ó máa ń pinnu rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí wọ́n yàn ní ìpele kẹfà kò ní ohun tí ó dáàbò bò ó. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi iye eré ìmúrasílẹ̀ nìkan ṣe ìpinnu ìbá lè ti tú Oluokun sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ Jones tó kán.

Lẹ́yìn ọdún 2018

Wọn kò tú u sílẹ̀. Nínú sáà àkọ́kọ́ náà ó dá ènìyàn wólẹ̀ ní ohun tí ó lé ní ìgbà 90, púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn ṣì wà lọ́nà fún ìpadàbọ̀ Jones. Ní 2019, Falcons fi Riley ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Eagles. Ní 2020, Campbell lọ sí Arizona, ó sì ti ibẹ̀ dé Green Bay, níbi tí wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tí ó dára jù lọ ní gbogbo líìgì ní 2021. Ní sáà 2021 kan náà, Oluokun dá ènìyàn wólẹ̀ ní ìgbà 192, kò sì sí ẹni tí ó tó o. Lójú iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí wọ́n fún Falcons ní ìyìn tí ó tọ́ sí wọn níbi yíyàn: nínú mẹ́rin tí wọ́n ní ní 2018, mẹ́ta di gbajúmọ̀. Ohun tí wọ́n kùnà níbẹ̀ ni ìgbà. Àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dára, ìyá ni kò dúró títí wọn fi gbó.

Nígbà tí ọdún 2022 fi parí, kò sí ẹnì kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó kù ní Atlanta. Jaguars ti ìlú Jacksonville ní Florida ni ó gba Oluokun ní oṣù Kẹta ọdún náà, pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ìyàlẹ́nu fún àwọn oníròyìn kan: wọ́n yan Devin Lloyd, línbákà, ní ìpele àkọ́kọ́, wọ́n sì tún yan Chad Muma, línbákà mìíràn, ní ìpele kẹta. Àwọn kan pè é ní àṣejù. Ẹni tí ó bá rántí Atlanta kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Oluokun tún ṣíwájú líìgì ní 2022 pẹ̀lú 184. Ní 2023 wọ́n tún fi Ventrell Miller kún un ní ìpele kẹrin, ṣùgbọ́n ó fara pa nínú ìmúrasílẹ̀, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan ní gbogbo sáà náà. Lójú ẹni tí ń ka orúkọ, ó ṣì wà nínú ìwé.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Oluokun fúnra rẹ̀ fara pa lẹ́sẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wọ inú ìwé àwọn tí ó fara pa. Lloyd, tí ó ti lo sáà méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wà níbẹ̀. Miller wà lára àwọn tí iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́ pẹ̀lú. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ sáà náà, kò tíì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kan rí.